Káfíńtà Tó Fẹ́ Di Tíṣà ní Gumani

Bí ẹ bá béèrè Adégòkè káfíńtà ní Moshie Zongo, àdúgbò àwọn àlejò ní Tamale, nígbà náà, ọmọ kékeré ló máa mú yín dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Òun ló kan ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì, òun náà ló ṣe bẹ́ẹ̀dì fún ọ̀pọ̀ àwọn tó gbéyàwó ládùúgbò, Mùsùlùmí àti Kristẹni. Igi tí ọwọ́ rẹ̀ bá kàn, ẹ lọ fọkàn balẹ̀. Ẹnu rẹ̀ nìkan ni kò ṣiṣẹ́. Ó lè wà pẹ̀lú yín láti àárọ̀ dọ̀sán kó má sọ ju "ẹ kú ìjókòó" lọ. Irú ọkùnrin báyìí ló wá ní òun fẹ́ di tíṣà.

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ ti pẹ́ tó ti ń fẹ́ iṣẹ́ náà. Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá, Tamale ni wọ́n bí òun sí. Nígbà tó di ọmọ ọdún méjìdínlógún, kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ gbà á wọlé. Kò tíì lò ju oṣù méjì lọ níbẹ̀ tí àṣẹ fi jáde pé kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Ghana. Ọdún 1969 nìyẹn, ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn kò lè gbàgbé. Bàbá rẹ̀ lọ mú un jáde láàárín kíláàsì, wọ́n di ẹrù, wọ́n gbé ọmọ lọ sí ìlú baba rẹ̀ tí kò dé rí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fà á lé ọ̀gá káfíńtà lọ́wọ́. Nígbà tí ara ìlú rọ̀, ó padà sí Tamale pẹ̀lú ayùn àti ìfági, àmọ́ kì í gba iwájú kọ́lẹ́ẹ̀jì náà kọjá. Ọ̀nà tó jìn ló máa ń gbà.

Ní 1987, ìjọba tún ètò ẹ̀kọ́ tò. Wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ tuntun tí wọ́n ń pè ní JSS sílẹ̀, wọ́n sì ní kí ọmọ ibẹ̀ máa kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ mọ́ ìwé. Ta ni yóò kọ́ wọn? Ọ̀pọ̀ tíṣà ti bá owó epo lọ sí Nàìjíríà. Bí Ọ̀gbẹ́ni Issahaku, ọ̀gá JSS Gumani lẹ́bàá ìlú, ṣe wá Adégòkè dé ṣọ́ọ̀bù nìyẹn. Ó ní kó wá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún kan. Bí iṣẹ́ rẹ̀ bá tẹ́ alábẹ̀wò ìjọba lọ́rùn lópin ọdún, wọn á máa rán an lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì lásìkò ìsinmi títí yóò fi gba ìwé-ẹ̀rí olùkọ́. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, kó padà sídìí igi rẹ̀.

"Kọ́lẹ́ẹ̀jì wo?" ni Adégòkè béèrè. Ọ̀gá dárúkọ rẹ̀. Kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn gan-an ni. Adégòkè yí ojú sí ògiri, ó ṣe bí ẹni ń wá ìṣó.

Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ níṣẹ́ lòun náà ṣe kọ́ àwọn ọmọ. Ó dúró síwájú, ó ń gégi, wọ́n ń wò. Bí ọmọ kan bá gba ayùn tó sì gé e wọ́, Adégòkè á pòṣé, á gba ayùn, á parí rẹ̀ fúnra rẹ̀. Kì í ṣe ìkà o. Igi tó wọ́ ń dùn ún lára, bí ẹkún ọmọ ṣe ń dun ìyá. Nígbà tí tẹ́ẹ̀mù àkọ́kọ́ fi máa parí, àpótí ìjókòó ti kún ẹ̀yìn kíláàsì, gbogbo wọn ń dán. Àwọn òbí ń fọwọ́ pa wọ́n lára, Ọ̀gbẹ́ni Issahaku sì ń yan bí ẹni pé òun ló fági.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò pàtẹ́wọ́. Hajiya Azara ni, olùkọ́ àgbà tí wọ́n ní kó máa mójú tó àwọn tíṣà tuntun. Obìnrin kúkúrú ni, kì í pariwo, obì gooro kì í sì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Ó wo àwọn àpótí náà, ó wo ojú àwọn ọmọ, ó ní, "Malam Adégòkè, jọ̀ọ́, bá mi ra gooro lọ́dọ̀ Hàjàrá olóbì lójú títì."

Àgbà ló rán an, ó lọ. Nígbà tó dé, pákó àti ayùn wà lórí tábìlì, àwọn ọmọ sì yí wọn ká bí ẹni tí ejò wọlé tọ̀. Hajiya ti ní kí wọ́n ṣe àpótí kan. Kò sẹ́ni tó mọ ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀.

"Ó dáa," ni Hajiya wí. "Ta ló wá ṣe gbogbo ìwọ̀nyí?"

Bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Adégòkè wo ẹ̀yìn, kò rí nǹkan kan tó lè fi gbèjà ara rẹ̀. Ó gbé gooro kalẹ̀, ó gba ilé lọ.

"Mi ò lọ mọ́," ló wí fún Charity, ìyàwó rẹ̀. "Obìnrin yẹn dójú tì mí níwájú àwọn ọmọ."

"Bàbá Bọ́sẹ̀dé, irọ́ ló pa ni?"

Adégòkè wọ yàrá lọ. Ẹ mọ̀ ọ́n, kì í sọ̀rọ̀.

Ní ọjọ́ kejì, Hajiya fẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ará Zongo ń wò ó. Kò tọrọ gáfárà, kò sì bínú. Ó fa pákó kan jáde, ó ní, "Kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣe àpótí. Ṣùgbọ́n jókòó lórí ọwọ́ rẹ."

"Hajiya, báwo ni mo ṣe máa..."

"Jókòó lé e."

Ọkùnrin náà fi ìdí tẹ ọwọ́ méjèèjì mọ́ bẹ́ǹṣì. Hajiya gbé ayùn.

"Ẹ gé e."

"Níbo?"

"Níbẹ̀ yẹn."

"Haba! Ibo ló ń jẹ́ níbẹ̀ yẹn?"

Hajiya bẹ̀rẹ̀ sí í gé e níbi tí kò yẹ. Adégòkè fò dìde, ó rántí, ó tún jókòó. Òógùn bò ó ju ọjọ́ tó kan òrùlé lọ. Ohun tí ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ látọjọ́ yìí, ẹnu rẹ̀ kò gbọ́ nípa rẹ̀ rí.

"Ọ̀gá mi kò bá mi sọ̀rọ̀ fọ́dún mẹ́fà," ló wí níkẹyìn. "Mo kàn ń wò ó ni."

"Ìwọ gbé ilé rẹ̀ fọ́dún mẹ́fà," ni Hajiya fèsì. "Àwọn tèmi, wákàtí díẹ̀ ni wọ́n ń rí ọ lọ́sẹ̀. Sọ ọ́ jáde. Bí wọ́n bá gé e wọ́, jẹ́ kó wọ́, kí o bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n rí."

Nǹkan tó sọ kò rọrùn rárá. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni Hajiya ń wá jókòó sẹ́yìn kíláàsì. Bí ọwọ́ Adégòkè bá yọ́ lọ sídìí ayùn ọmọ, á wúkọ́. Lẹ́yìn kíláàsì, ohun kan ṣoṣo ló ń sọ fún un, kò jẹ́ sọ méjì. Àpótí tó ń jáde lásìkò náà kò ṣeé wò. Òmíràn ní ẹsẹ̀ mẹ́ta tó ga àti ọ̀kan tó ṣìnà. Ọ̀gbẹ́ni Issahaku bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà. Àmọ́ Adégòkè ń sọ̀rọ̀! Àní Charity ráhùn pé ó ti ń ṣàlàyé fún òun bí wọ́n ṣe ń gé iṣu kí òun tó gé e.

Ọjọ́ alábẹ̀wò pé. Adégòkè bẹ Hajiya kó wá dúró ti òun, ó kọ̀.

"Bí mo bá wà níbẹ̀, ojú mi lo máa máa wò. Àwọn ọmọ ni kí o wò."

Ọ̀gbẹ́ni Alidu ni alábẹ̀wò náà, géńdé tí kì í rẹ́rìn-ín. Ó tọ́ka sí ọmọbìnrin kan, Amama, ó ní kó gbẹ́ ihò ẹsẹ̀ tó kù lára àpótí kan, kó sì fi ẹsẹ̀ náà sí i. Amama wọn igi, ó gbẹ́ ihò. Ihò náà tóbi jù. Adégòkè rí i kí ọmọ náà tó gbẹ́ ẹ tán. Ìṣẹ́jú kan ló máa gbà á láti tún un ṣe. Ọ̀gbẹ́ni Issahaku ti ń fi ojú bẹ̀ ẹ́, ó ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, "Gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, gbà á!" Adégòkè ronú kan kọ́lẹ́ẹ̀jì, ó ronú kan bàbá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì ọjọ́sí. Ó di ọwọ́ mọ́ra.

"Amama," ló pè é, "kí lo rí?"

Ọmọ náà mi ẹsẹ̀ àpótí náà. "Kò há, sà. Mo gbẹ́ ẹ kọjá ilà." Ó fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ ihò náà. "Mo lè la igi pẹlẹbẹ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́."

"Là á ká wò ó."

Ó là á, ó fi òòlù gbá a wọlé. Nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Alidu jókòó lé àpótí náà, ó fì sọ́tùn-ún, ó fì sósì. Ọ̀gbẹ́ni Issahaku bo ojú.

"Àpótí yìí kò dáa," ni alábẹ̀wò wí.

"Mo mọ̀, sà," ni Amama dáhùn, kí ẹnikẹ́ni tó lanu. "Ẹ jẹ́ kí n ṣe òmíràn. Mo ti mọ ibi tó ti bàjẹ́."

Ọ̀gbẹ́ni Alidu kò dìde lórí àpótí tó ń fì náà. Ó wo Adégòkè títí. "Mo ti yí ká ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ lóṣù yìí," ló wí. "Gbogbo àpótí tí wọ́n fi hàn mí ló dáa. Èyí nìkan ló dá mi lójú pé ọmọ ló ṣe é." Ó nawọ́ sí i. "Inú oṣù kẹjọ ni kọ́lẹ́ẹ̀jì ń bẹ̀rẹ̀. Má pẹ́ dé."

Adégòkè la pápá kọjá lọ sí kíláàsì Hajiya. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró. Hajiya wo ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó mọ̀.

"To, madalla, ó dára gan-an," ló wí jẹ́ẹ́. "Wọlé, jókòó. Àwọn ọmọ ń kàwé."

Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó gbẹ̀yìn, láàárín àwọn ọmọ kékeré tí orúnkún wọn kò tó tirẹ̀, ó sì sunkún bí ọmọ ọdún méjìdínlógún.