Àríyọ̀ Kò Sá

Wọ́n ní Àríyọ̀ sá lójú ìjà. Wọ́n ní àwọn ọ̀gá rẹ̀ ló yìnbọn fún un lẹ́yìn ní ilẹ̀ Mali lọ́hùn-ún, pé ìdí nìyẹn tí àwọn sójà fi kan pósí pa, tí wọn ò jẹ́ kí wọ́n wẹ̀ ẹ́, tí ìyàwó rẹ̀ pàápàá ò fojú kàn án. Ìsọ̀ oníṣu ní ọjà Ìpata, ní Ìlọrin, ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde. Kó tó di àdúà ọjọ́ kẹjọ, ó ti gba Adéwọlé kọjá, ó ti dé Òkè-Òyì. Irọ́ funfun báláú ni, Rùkáyàt sì mọ ẹni tó pa irọ́ náà.

Rùkáyàt ni ẹ̀gbọ́n Àríyọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni Àríyọ̀ nígbà tí ìyá wọn kú, ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló sì ń sùn sí títí ó fi wúwo. Ohun kan ṣoṣo tí Àríyọ̀ ń sá fún láyé yìí ni tòlótòló. Wàláì! Ó ti di sójà, ó ti ní bàtà dúdú tó ń dán yinrin, síbẹ̀ bí tòlótòló aládùúgbò bá ti na ìyẹ́, sójà á gun orí fẹ́ńsì. Àmọ́ nígbà tí kànga agbo ilé wọn ya lu ẹni tó ń gbẹ́ ẹ, Àríyọ̀ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ló so okùn mọ́dìí, tó sọ̀kalẹ̀ lọ gbé e jáde. Àwọn àgbà wà lókè, wọ́n ń ké Láìláhà.

Màmúdù oníṣu ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ilé kéwú. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n jọ lọ fún àyẹ̀wò iṣẹ́ sójà. Wọ́n mú Àríyọ̀. Wọ́n ní kí Màmúdù máa lọ sílé, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ pẹlẹbẹ jù. Láti ọjọ́ náà ló ti ń fi eyín lásán rẹ́rìn-ín sí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Nígbà tí òkú dé, ó wà lára àwọn tó gbé pósí. Aṣọ funfun la fi ń sin Mùsùlùmí níbí, a kì í kan òkú mọ́nú àpótí. Bí Màmúdù ṣe rí ìṣó lára igi báyìí, ìtàn ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Salman, sójà ẹgbẹ́ Àríyọ̀, ló wá sọ bó ṣe jẹ́ fún Rùkáyàt. Ọkọ̀ tó ń gbé omi fún àwọn sójà ni Àríyọ̀ ń wà níjọ́ náà. Ọkọ̀ tó wà níwájú rẹ̀ tẹ bọ́ǹbù. Àríyọ̀ bọ́ sílẹ̀, ó fa ẹnì kan jáde nínú iná, ó padà, ó fa ẹnì kejì.

"Èmi ni ẹnì kejì náà, ìyá," ni Salman wí, ó sì ká apá aṣọ sókè. Apá rẹ̀ rí hágahàga bí èèpo igi. Ìgbà tí Àríyọ̀ padà lẹ́ẹ̀kẹta ni táńkì epo gbiná. Kò ku ohun tí ẹnikẹ́ni ì bá wẹ̀.

Rùkáyàt ò sunkún. Ó kàn ní, "Màmúdù. Ó dáa." Ó wá ń dúró.

Ẹ sáà mọ̀ pé ní Ìlọrin, ẹni tó ń lọ Mọ́kà gbọ́dọ̀ rin ilé dé ilé tọrọ àforíjì. Ọdún kan ààbọ̀ ni Rùkáyàt fi dúró kí orúkọ Màmúdù tó jáde lára àwọn tó ń lọ Mọ́kà. Ó dé, òun àti Asabe ìyàwó rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ̀gbọ́n wa, mo ń lọ ilé Ọlọ́hun. Ohun tí mo bá ṣẹ̀ yín, ẹ fi jì mí."

"Kí lo ṣẹ̀ mí?"

"Èyí tí mo mọ̀ àtèyí tí n ò mọ̀."

"Pe èyí tí o mọ̀ lórúkọ."

Asabe fi ìgbọ̀nwọ́ gún ọkọ rẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ Àríyọ̀ ni," ó wí wúyẹ́wúyẹ́.

"Ṣé inú ilé mi lo ti sọ ọ́? Ibi tí o ṣu sí ni kí o ti lọ kó o. Lọ Ìpata ní Sátidé, tí tírélà bá ń já iṣu. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, máa gbé e lọ Mọ́kà, kí o gbé e yí Kábà po lẹ́ẹ̀méje. N ò fi jì ọ́."

"Ẹ̀gbọ́n, ojú á tì mí."

"Ti Àríyọ̀ ńkọ́?"

Ní Sátidé, Rùkáyàt ti jókòó ti òkìtì iṣu kí Màmúdù tó dé.

"Mo parọ́ mọ́ Àríyọ̀," Màmúdù wí.

"Àwọn elélùbọ́ ò gbọ́ o!"

"Àríyọ̀ ò sá! Irọ́ ni mo pa mọ́ ọn!"

Alábàárù kan sọ iṣu kalẹ̀ lórí tírélà. "Háà! Òkú lo parọ́ mọ́? Ìwọ ẹlẹ́sẹ̀ pẹlẹbẹ tí sójà lé padà!"

Ọjà bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà tutù lọ́kàn Rùkáyàt bí omi ìṣínu.

"Ṣé ẹ ti fi jì mí báyìí?" Màmúdù bi í, òógùn bò ó.

"Mo ti fi tèmi jì ọ́. Ti Àríyọ̀, òun fúnra rẹ̀ ni kí o lọ bẹ̀."

Asabe ní obìnrin yìí ò lójú àánú, ìjà kì í sú u. Òótọ́ ni, Àríyọ̀ náà mọ̀. Nígbà tó ku ọjọ́ méjì kó kú, ó pe Rùkáyàt láti Mali, fóònù ń já. Rùkáyàt ń rojọ́ aládùúgbò tó ń da omi ìdọ̀tí sí ojúde wọn. Àríyọ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má tíì bá ẹnikẹ́ni jà o. Ẹ dúró kí n dé ná, ká jọ bá wọn jà."