Igi Kòkó Ẹ̀yìn Balùwẹ̀

Aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nígbà tí mo kọ́kọ́ dúró níwájú igi kòkó tí ọ́fíìsì iṣẹ́ àgbẹ̀ wa ní kí n lọ gbà là. Ẹ̀yìn balùwẹ̀ ìyá àgbà kan ló wà, ní abúlé kan lẹ́bàá Ìsẹ́yìn. Olóògbé ọkọ ìyá ló mú hóró rẹ̀ bọ̀ láti ilẹ̀ Oǹdó níbi tó ti ṣe àgbàro. Ní Òkè-Ògùn wa tí oòrùn ti ń yan koríko, omi ìwẹ̀ ló ń gbé e ró. Ọ̀gá mi ní irú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, pé irú tuntun tó ń tètè so ló gba gbogbo oko. Bí àrùn bá kọlu tuntun, àtijọ́ yìí la máa sá tọ̀. N kò rí ẹ̀rí, ṣùgbọ́n ìwé tí wọ́n fi rán mi ní òǹtẹ̀, mo sì gbà á gbọ́.

Mo yẹ igi náà wò bíi dókítà. "Mà, omi ọṣẹ yìí ò dáa fún irú igi pàtàkì báyìí o."

"Akọ̀wé, òun náà ló ti ń mu kí wọ́n tó bí ẹ."

Mo fi sùúrù ẹni tó gboyè ṣàlàyé fún wọn. Nítorí ọ̀wọ̀ tí wọ́n ní fún ìwé, wọ́n darí omi náà sí ẹ̀yìn ilé ìdáná. Mo wá ká èso mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà lórí igi. Ìyá ní kí n fi ọ̀kan sílẹ̀ kí àwọn rí nǹkan lá. Mo yọ̀ǹda rẹ̀, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé mi gẹ́gẹ́ bí àdánù. Hóró inú mẹ́ta yòókù wọ fíríìjì ọ́fíìsì, bí a ti ń tọ́jú hóró àgbàdo.

Ọyẹ́ dé, igi náà gbẹ pátápátá. Mo fi ìgboyà ṣí fíríìjì, mo gbin gbogbo ohun tó wà níbẹ̀. Ìkankan kò hù. Ìgbà náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á pé òtútù ń pa hóró kòkó. Ẹ̀kọ́ ọdún márùn-ún, mi ò sì kà dé ibẹ̀.

Mo lọ bẹ ìyá. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

"Akọ̀wé, wá wo ibi tí mo tu àdánù rẹ sí."

Bóyá àwọn irúgbìn kòkó tó hù níbẹ̀ máa so, bóyá wọ́n máa jọ igi tó bí wọn, títí dòní n kò lè sọ. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé ìdáná, mo kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì: méje, ewé ọ̀jẹ̀lẹ̀ wọn ṣì pọ́n, omi ọṣẹ sì wà lẹ́sẹ̀ gbogbo wọn.