Tètèrègún Tí Ẹnikẹ́ni Kò Gbìn

Ẹ má pè mí ní ojo o. Èmi tí mo ti bá agbèrò jà ní Ojúẹlẹ́gba títí tó fi bẹ̀ mí! Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán gangan, tí oòrùn bá ti dé àtàrí, n kì í dá gòkè lọ sí ọgbà tí mo fi ọwọ́ ara mi dá sórí ilé wa ní Yaba.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, kò jìnnà sí Tejúoṣó. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ ló háyà gbogbo ìsàlẹ̀. Kọnkéré lásán ló wà lókè pátápátá, pẹ̀lú táǹkì omi àti aṣọ tí wọ́n gbàgbé sórí okùn. Èéfín jẹnẹrétọ̀ ló sú mi. Mo sọ fún ọkọ mi pé mo fẹ́ sọ ibẹ̀ di ọgbà, kí ará àdúgbò lè rí ibi gbatẹ́gùn, kí àlejò náà sì máa wá wò ó. Ó fi mí rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé mo fẹ́ dá oko sójú ọ̀run ni. Mo ní, "Ẹ ṣáà máa wò mí."

Yẹ̀pẹ̀ ni ìṣòro. Àsìkò yẹn gan-an ni ẹbí ọkọ mi ta ilé àtijọ́ wọn ní Èbúté Mẹ́ta, wọ́n sì ń wó o. Mo rántí bí ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé ibẹ̀ ṣe dúdú, tó lọ́ràá. Ta ló máa lọ ra yẹ̀pẹ̀ nígbà tí tiwa wà nílẹ̀? Mo ní kí onítíípà kó o wá, àwọn òṣìṣẹ́ sì rù ú gòkè. Ìyá ọkọ mi wà ní Ìjẹ̀bú nígbà yẹn. Kò sẹ́ni tó bi í.

Ilé yẹn ni ọmọ mi àkọ́kọ́ kú sí. Kò tíì mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń juwọ́ bàì-bàì ni, gbogbo ẹni tó bá ń jáde ló sì máa ń juwọ́ sí, títí kan adìyẹ. Ẹ mọ àṣà wa: ìyá kì í sin ọmọ, ìyá kì í sì í mọ ojú oórì rẹ̀. Àwọn àgbà gbé e kúrò lọ́wọ́ mi, wọ́n ti èmi àti ọkọ mi mọ́ yàrá. Nígbà tí wọ́n padà dé, wọ́n ní, "Omi ló dànù, agbè ò fọ́." Mo bí òmíràn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n lójoojúmọ́ ayé mi ni mo ń fẹ́ mọ ibi tí omi yẹn dà sí. Itẹ́ òkú ni mo máa ń rò pé wọ́n gbé e lọ. Àwọn tó mọ̀ ti kú lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ku ìyá ọkọ mi nìkan.

Ọgbà náà dùn-ún wò. Àwọn ènìyàn ń ti Sùúrùlérè àti Muṣin wá ya fọ́tò láàárín òdòdó. Ẹ̀gbẹ́ táǹkì nìkan ló ń dà mí láàmú. Mo gbin tòmátò síbẹ̀, ó kú. Mo gbin ẹ̀fọ́, kò hù. Tètèrègún ló hù níbẹ̀, ewéko tútù tí ẹnikẹ́ni kò gbìn. Mo fà á tu, ó tún yọ. Bí oòrùn ṣe ń jó kọnkéré tó, tí ènìyàn bá dúró síbẹ̀, òtútù á máa mú un lẹ́sẹ̀.

Àwọn ọmọdé ló wá dá ẹ̀rù bà mí. Àní ọmọ tó ṣì ń rákòrò, bí ìyá rẹ̀ bá sọ ọ́ kalẹ̀, ẹ̀gbẹ́ táǹkì ló ń lọ tààrà. Wọ́n á lóṣòó síwájú tètèrègún, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, wọ́n á dákẹ́ bí ẹni ń gbọ́ èsì, wọ́n á sì bú sẹ́rìn-ín. Tí wọ́n bá ń lọ, wọ́n á yíjú padà lórí èjìká ìyá wọn, wọ́n á juwọ́ síbẹ̀. Gbogbo wọn. Ìyá kan ń rẹ́rìn-ín, ó bi ọmọ rẹ̀ pé, "Ta lò ń kí?" Èmi ò lè rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó yá, ìyá ọkọ mi wá kí wa, ó ní kí n mú òun lọ wo ọgbà tí gbogbo ayé ń sọ. Ọ̀sán ni. Ó ń gun àtẹ̀gùn, ó ń bú mi pé mo fẹ́ fi òkè gígùn pa òun. Nígbà tó dé òkè, ó ń yin ata, ó ń yin òdòdó. Ó wá rí ẹ̀gbẹ́ táǹkì, ó sì nàka sí i.

"Ìyàwó, ta ló gbin tètèrègún yìí?"

"Kò sẹ́ni tó gbìn ín, Màmá. Ó kàn hù ni."

"Níbo lẹ ti kó yẹ̀pẹ̀ yìí?"

"Ẹ̀yìnkùlé yín ní Èbúté Mẹ́ta."

Ó di irin etí òkè mú. Ó bọ́ bàtà rẹ̀. "Yéè! Ọwọ́ mi ni mo fi gbìn ín," ló sọ, kì í ṣe fún mi, "kí ibẹ̀ lè máa tutù." Ó wá kọjú sí mi. "Má tu ibẹ̀ mọ́. Ẹlòmíràn ni kó máa tu ú. Ìwọ kọ́."

Ìbínú tí mo ti gbé mì láti ọjọ́ yìí wá ru sókè. "Màmá, ṣé ibẹ̀ ni? Ẹ sọ fún mi! Èmi ni mo bí i!"

"N ò ní sọ. A kì í sọ fún ìyá." Omi ti dé ojú òun náà. "Bí ìyá bá mọ ibẹ̀, kò ní lè kúrò níbẹ̀ mọ́."

Mo ti ṣetán àtijà. Mo fẹ́ jókòó sórí yẹ̀pẹ̀ yẹn, kí àlejò kankan má gòkè wá mọ́ láé. Ṣùgbọ́n òtútù ti ń gun ẹsẹ̀ mi bọ̀ láti ìsàlẹ̀, ẹ̀rù sì bà mí pé òótọ́ ló ń sọ, pé bí mo bá jókòó, n ò ní dìde. Màmá fi ìborùn rẹ̀ bò mí lójú, ó yí mi padà, ó ń darí mi lọ sẹ́nu ilẹ̀kùn. "Má bojú wẹ̀yìn," ló ní.

N ò bojú wẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n bí a ṣe dé ẹnu ilẹ̀kùn, mo gbé ọwọ́ sókè lórí èjìká mi, mo juwọ́.

Màmá dúró, ó bá mi bojú wẹ̀yìn.

"Òun náà ń juwọ́," ló ní. "Jẹ́ ká sọ̀ kalẹ̀."