Ewé Ẹ̀gẹ́ Lọ́nà Ẹ̀gúà

Mo mọ̀ pé ẹ kò ní gbà mí gbọ́. Ẹni tó bá ti rí mi rí, tó mọ bí ikùn mi ṣe máa ń ṣáájú mi wọ kíláàsì, yóò pa ìwé yìí dé ní ìlà kejì, yóò ní irọ́ ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì pa á dé. Èmi náà kì bá tí gbà á gbọ́, bí kì í bá ṣe pé èmi ni mo ni ẹsẹ̀ tó ṣe é.

Ìgbà tí ìjọba ti bodè pa ni. Kì í ṣe ìrẹsì nìkan ló di ọ̀wọ́n lọ́dọ̀ wa. Wọ́n ní kí àwọn ilé epo tó sún mọ́ ẹnu bodè má ta epo mọ́, nítorí àwọn tó ń gbé e sọdá. Kò pẹ́ rárá tí àwọn ọ̀kadà tó máa ń ké kiri Ayétòrò bí eṣinṣin fi dákẹ́. Ìgbà náà ni kẹ̀kẹ́ ológeere tó ti di ibùsùn adìyẹ lẹ́yìn ilé olúkúlùkù wá jáde síta. Tèmi wà lára wọn. Mo fọ ìgbẹ́ adìyẹ kúrò lára rẹ̀, mo fi epo pupa pa ṣéènì rẹ̀ nítorí n kò rí gírísì, mo sì ń gùn ún lọ sí ilé ìwé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn. Èèrà tó ń lá epo náà ń bá mi lọ lójoojúmọ́.

A di mẹ́ta tí a jọ ń gun kẹ̀kẹ́ káàkiri. Èkíní ni olùkọ́ eré ìdárayá ilé ìwé wa, ọkùnrin gbígbẹ kan tí fèrè kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, àní nínú ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá. Onífèrè ni mo máa pè é. Ìkejì ni télọ̀ kan ní àdúgbò wa. Ọjọ́ pẹ́ tó ti ń fi ẹsẹ̀ wa máṣíìnì ìránṣọ, nítorí náà nígbà tí a gbé kẹ̀kẹ́ fún un, ó kàn ṣe bí ẹni ń rán ṣòkòtò lọ ni.

Ẹnì kan ló wá dá ìdíje sílẹ̀. Olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ọ̀sìn ẹran ni, ó sì ti sú u láti máa gbọ́ bí àwọn ará Ìlaró àti àwọn ará Ayétòrò ṣe ń halẹ̀ mọ́ ara wọn. Ó ní ẹ kó ara yín jọ ní mẹ́ta-mẹ́ta. Ẹ gun kẹ̀kẹ́ láti Ìlaró dé Ayétòrò, ẹ gbé kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ wá fẹsẹ̀ gba ọ̀nà oko lọ sí ilé ìwé abúlé kan tó wà kí èèyàn tó dé Ẹ̀gúà. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀. Ìgbà tí ẹni kẹta bá sì tó dé ni wọ́n máa kà pé ẹgbẹ́ dé.

Ẹni kẹta. Gbogbo wa la mọ ẹni tí ìyẹn ń bá wí.

Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó mi. Ó ti ń wo kẹ̀kẹ́ náà bí ẹni ń wo ejò, nítorí ó ti jù mí sínú gọ́tà lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀jẹ̀ mi sì máa ń ru díẹ̀. Àbúrò rẹ̀ kan tó ń dáko ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kí á fún òun ní kẹ̀kẹ́ náà láti máa fi kó ẹ̀gẹ́. Nígbà tí ìyàwó mi gbọ́ nípa ìdíje, ó jókòó tì mí.

"Dádì, tí ẹ bá fi ẹsẹ̀ ara yín dé ibẹ̀, kẹ̀kẹ́ á máa wà nílé yìí. Ṣùgbọ́n tí ohunkóhun bá gbé yín dé, ì báà jẹ́ ọmọlanke, àbúrò mi máa wá gbé e lọ."

"Mo gbà."

"Ẹ búra."

"Ọmọ ìjọ ni mí, n kì í búra."

"Ẹ kì í búra lóòótọ́. Irọ́ lẹ máa ń pa."

Ẹ má fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. Láti ìgbà tí mo ti lé ní ogójì ọdún, n kò tíì rí ohun tó fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ẹ̀wù mi bẹ́ẹ̀ yẹn. Bí mo bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè lẹ́bàá ọjà láàárọ̀, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ń yà fún mi, mo máa ń gbàgbé ẹ̀jẹ̀ ríru, mo máa ń gbàgbé owó ilé ìwé. N kò ṣe tán láti jẹ́ kí ẹ̀gẹ́ gun orí rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ kan tí ìjọba fi ṣe ìsinmi la ṣe é. Ẹgbẹ́ márùn-ún la pé sí Ìlaró láàárọ̀. Onífèrè fọn fèrè, a gbéra. A kò tíì rìn jìnnà tí àwọn méjì tó kù fi di kékeré lójú mi. Àwọn tírélà sìmẹ́ǹtì tó ń ti Ìbèsè bọ̀ ń kọjá lára mi, afẹ́fẹ́ wọn a fẹ́ fà mí, eruku wọn a sì kùn mí bí ògiri tuntun. Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan báyìí, mo sọ̀ kalẹ̀, mo ń ti kẹ̀kẹ́.

Télọ̀ dúró dè mí lókè. "Tíṣà, ṣé kẹ̀kẹ́ ló ń gbé ọ lọ ni, àbí ìwọ lò ń gbé e lọ?"

"Mò ń ṣọ́ yín láti ẹ̀yìn ni, kí ẹnikẹ́ni má baà jí yín gbé."

"Ta ló máa jí wa? Ìwọ ni wọ́n á jí, ìwọ lo sanra."

"Ẹni tó bá jí mi máa dá mi padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Oúnjẹ mi pọ̀."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bú ara wa títí a fi dé Ayétòrò. Ìwọ̀n ìgbà tí mo fi ń ti kẹ̀kẹ́ ni wọ́n fi dúró dè mí, síbẹ̀ ẹgbẹ́ wa ló ṣe ìkẹta. Ẹnu yà mí. A gbé kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ nínú ọgbà ilé ìwé kan, a gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn, a sì gba ọ̀nà oko.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe fi ọ̀nà hàn wá. Ẹni tó dá ìdíje sílẹ̀ kò jẹ́ so aṣọ pupa mọ́ igi. Ó ní lásìkò tí wọ́n ti bodè pa yìí, àwọn aṣọ́bodè á rò pé àwọn fàyàwọ́ ló so ó. Ó wá lo àmì tí àwọn bàbá wa máa ń lò. Lọ́dọ̀ wa, tí èèyàn bá ṣáájú lọ sóko, tó sì dé oríta, á já ewé, á tẹ́ ẹ sórí ọ̀nà tí òun kò gbà, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn má baà ṣìnà. Ibi tí ewé bá wà, má ṣe gba ibẹ̀. Ọgbọ́n ni. Ṣùgbọ́n ewé tó wà nítòsí jù ni ọ̀gá náà já, ewé ẹ̀gẹ́ tútù.

Oríta àkọ́kọ́, a rí ewé, a mọ ibi tí a máa gbà. Ìkejì náà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a dé ìkẹta, ọ̀nà mẹ́ta ló là sílẹ̀ níwájú wa, kìkì igi ewé ẹ̀gẹ́ mélòó kan ló kù káàkiri ilẹ̀, ewúrẹ́ méjì sì dúró síbẹ̀, ewé ṣì wà lẹ́nu wọn, wọ́n ń wò wá bí ìgbà tí a pẹ́ dé.



"Ẹ bi wọ́n," Télọ̀ ní. "Inú wọn ni ọ̀nà wà."

Ibẹ̀ ni mo ti ṣe àṣìṣe mi. Mo ní ọmọ àgbẹ̀ ni mí, inú oko ni wọ́n bí mi sí, ọ̀nà òsì ni. Mo sọ ọ́ pẹ̀lú ohùn tí mo fi máa ń sọ ọjọ́ tí ogun bẹ̀rẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Wọ́n gbà mí gbọ́. A rìn, a rìn. Oko ẹ̀gẹ́ tán, a wọ inú gẹdú, gẹdú tán, a wọ ẹrọ̀fọ̀. Nígbà tí ọ̀nà náà máa fi tú wa síta, ojú títì ni, níwájú igi tí àwọn aṣọ́bodè gbé dábùú ọ̀nà.

Ẹ fojú inú wò ó. Àsìkò tí wọ́n ń wá fàyàwọ́ lójú méjèèjì, ọkùnrin mẹ́ta jáde láti inú igbó, ẹrọ̀fọ̀ dé orúnkún, báàgì wà lẹ́yìn wọn.

"Ẹ dúró níbẹ̀. Kí ló wà nínú ẹrù yẹn?" Ọ̀dọ́mọkùnrin aṣọ́bodè kan ló bi wá.

"Gààrí," mo ní.

"Gààrí ilẹ̀ wo?"

"Gààrí ilé mi, ọ̀gá."

Ó tú u wò. Gààrí ni lóòótọ́, àti ẹ̀pà, àti omi. Nínú ti Télọ̀, ó rí téèpù ìwọnṣọ. Ó gbé e sókè. "Kí lẹ fẹ́ fi èyí wọ̀n nínú igbó?"

"Kì í kúrò lára mi ni," Télọ̀ ní. "Bí irùngbọ̀n."

A ṣàlàyé fún un. Ẹ̀rín pa á títí ó fi jókòó lórí àgbá. Ó ní a ti gba ẹ̀gbẹ́ abúlé náà kọjá tipẹ́. Ó fi ọ̀nà kan hàn wá tí a máa gbà padà, ó wá wo ẹsẹ̀ mi, ojú rẹ̀ sì rọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹsẹ̀ yín ti wú. Píkọ́ọ̀pù wa ń lọ sápá ibẹ̀ nísinsìnyí. Ẹ wọlé, a máa já yín sẹ́yìn ilé ìwé náà. Kò sẹ́ni tó máa rí yín."

Ọlọ́run ni ẹlẹ́rìí mi, mo ti gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé ọkọ̀ náà. Tìmùtìmù wà lórí ìjókòó rẹ̀. Mo wo Onífèrè, ẹni tó ń fi òfin yọ gbogbo ilé ìwé lẹ́nu. Ó gbójú sókè, ó ń wo ẹyẹ.

"Ojú ń dùn mí láti àárọ̀," ó ní. "N kò lè rí ọkọ̀ kankan."

"Wọlé," Télọ̀ ní. "Ebi ń pa èèyàn."

Mo rò ó dáadáa. Ìyàwó mi máa bi mí, n óò sì parọ́ fún un, irọ́ tó gún régé, nítorí mo mọ̀ ọ́n pa. Kẹ̀kẹ́ á dúró sílé. Ṣùgbọ́n láràárọ̀ ni n óò máa jókòó lórí irọ́ yẹn lọ sí ilé ìwé. Mo gbé ẹsẹ̀ mi kúrò.

"Ẹ ṣé, àbúrò mi. Mo máa rìn."

"Tíṣà," Télọ̀ ní, "o ti ya wèrè." Ṣùgbọ́n òun ló kọ́kọ́ yí padà sọ́nà igbó.

Lẹ́yìn ìyẹn, mi ò ro ti abúlé mọ́. Mo ní kí n ṣáà dé ìdí ọ̀pẹ tó wà níwájú. Mo dé ibẹ̀, mo ní kí n dé òkìtì ọ̀gán yẹn. Ní ibi odò kékeré kan, tí wọ́n fi igi kan ṣoṣo ṣe afárá rẹ̀, mo jókòó gun igi náà bí ẹni gun ẹṣin, mo fi ìdí wọ́ kọjá. Wọn kò rẹ́rìn-ín, ìyẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ó ti rẹ àwọn náà. Lókè odò, àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà mi ọ̀tún ṣí, ó ń la ẹnu bí ẹja. Télọ̀ wò ó, ó wo téèpù rẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó sì fi téèpù náà dì í yí ká lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

"Mọ ìwọ̀n ara rẹ," ó ní, ó dìde, ó ń lọ.

Oòrùn ti rọ̀ nígbà tí a rí òrùlé ilé ìwé náà. Ẹgbẹ́ mẹ́ta ti dé, wọ́n ti jẹun, àwọn kan ti sùn. Ìyàwó mi dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àpótí oògùn, nítorí òun ni wọ́n bẹ̀ pé kó wá tọ́jú ẹni tó bá fara pa. Onífèrè kọ́kọ́ kọjá, Télọ̀ tẹ̀ lé e, mo sì fi ẹsẹ̀ wọ́ tẹ̀ lé wọn. Kò kí mi. Ó pe Onífèrè sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, lẹ́yìn náà ó pe Télọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, bí ọlọ́pàá.

"Ṣé ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni?"

"Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni," Télọ̀ ní, "àti téèpù mi."

Ó padà wá, ó tú bàtà náà, ó rí ẹ̀jẹ̀ àti awọ tó bó nínú rẹ̀. Ó wá rọra ní, "Kẹ̀kẹ́ á wà nílé." Ó bu omi gbígbóná, ó ń fọ ẹsẹ̀ mi níṣojú gbogbo èèyàn.

Ibẹ̀ la wà tí píkọ́ọ̀pù kan fi dúró lẹ́yìn ilé ìwé. Láìpẹ́, ẹgbẹ́ karùn-ún yọ láti ẹ̀gbẹ́ ògiri, wọ́n ń mí hẹlẹ hẹlẹ, omi tí wọ́n fi bọ́jú ń kán lójú wọn bí òógùn. Bàtà wọn funfun. Àwa mẹ́ta wo ara wa, a ń jẹ oúnjẹ wa lọ.

Nígbà tí mo yó, mo pe ẹni tó dá ìdíje sílẹ̀. "Ìwọ tí ò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ọ̀sìn ẹran, ewé ẹ̀gẹ́ lo rí tẹ́ fún ewúrẹ́."

Kò mì rárá. "Mo kọ́ wọn pé ewúrẹ́ kì í fẹ́ràn ewé ẹ̀gẹ́ tútù."

"Ṣé o kọ́ àwọn ewúrẹ́ náà?"

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo fẹ́ dìde lórí ibùsùn, ara kọ̀. Ẹsẹ̀ mi méjèèjì dà bí ọmọ odó, itan ń ta mí. Mo fi ọwọ́ gbé wọn sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ní kò burú, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run pé kẹ̀kẹ́ tí a gbé wálé lálẹ́ àná wà. Mo fọwọ́ gba ògiri jáde, mo dé ibi tí mo máa ń gbé e sí. Kò sí níbẹ̀.  Mo rò pé àbúrò ìyàwó mi ti wá. Aládùúgbò wa obìnrin kan tó ń gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀ wò mí.

"Màmá ló gùn ún lọ síbi iṣẹ́. Ó ti mọ̀ ọ́n gùn ju yín lọ, bàbá, kò tilẹ̀ mì."

Mo pe ìyàwó mi lórí fóònù. Mo gbọ́ atẹ́gùn lẹ́nu rẹ̀, mo gbọ́ aago kẹ̀kẹ́ mi, gbán-ín, gbán-ín, ó ń lé èèyàn kúrò lọ́nà.

"Ọ̀kadà ò sí, mo sì ti pẹ́," ó ní. "Ẹ̀yin tí ẹ fẹsẹ̀ rìn lọ sápá Ẹ̀gúà lánàá, mélòó ni ọ̀nà ilé ìwé yín?"

Mo wọ sálúbàtà, mo mú igi ìgbálẹ̀ ṣe ọ̀pá, mo sì bọ́ sọ́nà. Ní kíláàsì àkọ́kọ́, ìjókòó ni mo fi kọ́ wọn.