Ìṣẹ́tí Aṣọ Ọdún Tó Ń Bọ̀

Fidíẹ̀sílẹ̀ ni àwọn ará àdúgbò ń pè é, ó sì ti ń jẹ́ orúkọ náà pẹ́ débi pé àwọn tó ṣì mọ orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ ò pọ̀ mọ́. Aṣọ ilé ìwé ló ń rán. Iyàrá iwájú ilé wọn ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀: ẹ̀rọ ìránṣọ ẹlẹ́sẹ̀ kan lẹ́bàá fèrèsé, tábìlì gbọọrọ tó fi ń gé aṣọ, àyọ́n kan tó wúwo, àti dígí tí igun rẹ̀ ti sán. Bí òbí bá mú ọmọ wá, á ní kí ọmọ náà dúró dáadáa, á fi téèpù wọ̀n ọ́n láti èjìká dé orúnkún, á wá sọ ọ̀rọ̀ tó di orúkọ mọ́ ọn lára: "Ẹ jẹ́ n fi díẹ̀ sílẹ̀." Díẹ̀ yẹn kì í ṣe kékeré. Ìsàlẹ̀ aṣọ tó máa ń ká sókè sínú kó tó ṣẹ́ ẹ létí máa ń pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ìyá mìíràn fi ń bi í pé ṣé ọmọ méjì ló fẹ́ wọ̀ ọ́ pọ̀ ni. Kì í bá wọn jiyàn. Á ní ọmọ náà á dàgbà bá a, kí wọ́n kàn mú un padà wá bó bá yá.

Wọ́n sì máa ń mú un padà wá. Kí ilé ìwé tó wọlé lọ́dọọdún, aṣọ tó ti kúrú á kún iyàrá iwájú yẹn, á tú ìṣẹ́tí wọn, á sọ wọ́n kalẹ̀, á sì lọ̀ wọ́n. Ojú ibi tó ti ṣẹ́ ẹ tẹ́lẹ̀ kì í parẹ́ tán. Ìlà kan máa ń kù níbẹ̀: lókè ìlà náà aṣọ ti ṣá nínú oòrùn, nísàlẹ̀ rẹ̀ àwọ̀ ṣì dúdú bíi tuntun. Aṣọ ọmọ mìíràn máa ń ní ìlà méjì. Ẹnu ọ̀nà ilé ìwé hàn láti ojú fèrèsé rẹ̀, bí àwọn ọmọ bá sì ń kọjá lọ láàárọ̀, ìlà yẹn ni ojú rẹ̀ kọ́kọ́ ń lọ sí kó tó mọ ọmọ tó ń wò. Inú rẹ̀ máa ń dùn sí i, kò sì fi pa mọ́.

Ikọ́ ló kọ́kọ́ wá. Gbogbo ará ilé gbà pé eruku òwú ni. Ọkọ rẹ̀, tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wa bọ́ọ̀sì kó tó fẹ̀yìn tì, tó sì gbà pé kò sí àìsàn tí fèrèsé ṣíṣí ò lè wò, ń ṣí fèrèsé fún un tàárọ̀ tọ̀sán. Ikọ́ ò lọ. Nígbà tí wọ́n ya fọ́tò inú àyà rẹ̀ nílé ìwòsàn, jẹjẹrẹ ni wọ́n bá nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ lápá òsì. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n gé apá òkè ẹ̀dọ̀fóró náà kúrò, ó sì jí. Oníṣẹ́ abẹ wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀, ó ní gbogbo ohun tí àwọn rí làwọn ti mú kúrò. Gbogbo ilé dúpẹ́, òun náà dúpẹ́. Ṣùgbọ́n obìnrin tó ti ń wo ojú rírán láti kékeré mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣí sílẹ̀. Ohun tí wọ́n rí ni wọ́n mú kúrò. Èyí tí wọn ò rí ńkọ́?

Láti ìgbà náà, oṣù mẹ́fà mẹ́fà ló ń lọ dùbúlẹ̀ sínú ẹ̀rọ ayàwòrán inú ara. Dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀, ọ̀dọ́bìnrin kan tó máa ń rọra sọ̀rọ̀, á wo àwòrán náà títí, á ní, "A ò rí nǹkan kan, Màmá." Kò sọ rí pé ó ti sàn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ni Fidíẹ̀sílẹ̀ ń dúró dè, òun gan-an ni wọn ò sì fún un. Nílé, wọ́n ń fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Ọkọ rẹ̀ ń sọ fún ẹni tó bèèrè àti ẹni tí ò bèèrè pé ara ìyàwó òun ti le koko, àwọn oníbàárà ní ó ti ń sanra, ó ń tutù lójú. Á rẹ́rìn-ín, á ní ẹ ṣé o. Ẹ̀rù ń bà á, kí a má parọ́. Ó ń bà á bó bá ń jẹun, ó ń bà á bó bá ń fọ aṣọ, ó sì ń bà á jù lọ bí inú rẹ̀ bá dùn.

Oorun kan wà tó máa ń wá bá a nídìí ẹ̀rọ lọ́sàn-án, nígbà tí oòrùn bá gba fèrèsé wọlé tó sì nà gbalaja sílẹ̀, tí ìró ẹ̀rọ àti èémí rẹ̀ bá ń lọ pọ̀. Ojú rẹ̀ kì í pa dé tán. Á bá ara rẹ̀ nínú iyàrá gígùn kan tí kò rí òpin rẹ̀, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kún orí okùn níbẹ̀, gbogbo wọn sì ń mí. Wọ́n á wú díẹ̀, wọ́n á rọ̀. Kò sí atẹ́gùn kankan níbẹ̀. Láàárín wọn ni ọ̀kan wà tí kò ju àpò aṣọ ọmọdé lọ, ó sì mọ̀, bí ènìyàn ṣe máa ń mọ nǹkan lójú àlá, pé ẹ̀dọ̀fóró tòun ni, pé ibẹ̀ ni wọ́n gbé e kọ́ látọjọ́ tí wọ́n ti gé e. Ó ń mí tirẹ̀ jẹ́jẹ́, kò bìkítà fún un. Á fẹ́ bi í léèrè pé ṣé gbogbo yín lẹ ti dé síbí, àbí ó ṣì ku ẹnìkan nínú yín lọ́dọ̀ mi? Kó tó la ẹnu, á ti jí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ á ṣì máa tẹ ẹ̀rọ, abẹ́rẹ́ á sì ti kọjá ibi tó yẹ kó dúró.

Kò lè sọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ó jáwọ́ nínú fífi díẹ̀ sílẹ̀. Bó bá gbé ṣọ́ọ̀kì láti fa ìlà kejì, èyí tó fi ń sàmì sí díẹ̀ yẹn, sí ìsàlẹ̀ aṣọ, ọwọ́ rẹ̀ á kọ̀. Ta ni yóò tú u? Lójú tirẹ̀, ìlà kejì yẹn dà bí ìgbà tí ènìyàn bá ń ṣe fáàrí. Bí nǹkan kan bá ṣì fara pamọ́ sí abẹ́ apá òsì òun, kò yẹ kí òun jẹ́ kó gbọ́ pé òun ń pète ọdún tó ń bọ̀. Ó wá ń gé aṣọ kó bá ọmọ mu gẹ́lẹ́, ó ń fi ìṣẹ́tí tín-ín-rín parí rẹ̀. Àwọn ìyá yìn ín pé ọwọ́ rẹ̀ ti dára sí i. Ìyìn yẹn dùn ún wọ egungun.

Ọmọ ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Arúgbó ni wọ́n ń pè é, nítorí láti ìgbà tó ti mọ ìrìn ló ti ń káwọ́ sẹ́yìn rìn bí ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn. Ọdún náà ni yóò kọ́kọ́ wọ ilé ìwé. Ìyá rẹ̀, ọmọbìnrin Fidíẹ̀sílẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ ní pósítọ́fíìsì, mú un wá wọn aṣọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọlidé. Màmá àgbà rán an, ó lọ̀ ọ́, ó ká a sínú dúrọ́ọ̀. Nígbà tí ọlidé ń parí lọ, wọ́n gbé aṣọ náà jáde kí ọmọ wọ̀ ọ́ wò.

Èjìká rẹ̀ fún mọ́ ọn. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti gòkè kọjá orúnkún. Ọmọ ti ga láàárín ọlidé, bí gbogbo ọmọ ṣe máa ń ga. Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní èyí ò le, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ kalẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó yí etí aṣọ náà sókè, àtàǹpàkò rẹ̀ sì ń wá ohun tó mọ̀ pé ó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, nítorí inú irú aṣọ bẹ́ẹ̀ ni òun náà ti dàgbà. Ó yí i dé ẹ̀yìn. Ó tún yí i padà síwájú. Kò rí nǹkan kan. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀.

"Màmá," ó ní, kò sì gbójú sókè, "ti ọdún tó ń bọ̀ dà?"

Irọ́ ti wà lẹ́nu Fidíẹ̀sílẹ̀, ó fẹ́ sọ pé aṣọ ni ò tó. Ó wo dígí tí igun rẹ̀ ti sán, ó rí ọmọ rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀ nínú rẹ̀, irọ́ náà ò sì jáde.

"Mi ò mọ̀ bóyá màá wà níbí láti tú u," ló sọ.

Ọmọbìnrin rẹ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, ó ń sunkún láìpariwo. Arúgbó dúró sáàárín àwọn méjèèjì nínú aṣọ tó há mọ́ ọn, ó ń bèèrè pé níbo ni Màmá àgbà ń lọ. Bàbá àgbà ti gbọ́ láti ẹnu ọ̀nà. Ó wọlé, ó lọ ṣí fèrèsé tó ti ṣí sílẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Àyẹ̀wò rẹ̀ bọ́ sí ọ̀sẹ̀ yẹn, ọmọbìnrin rẹ̀ sì tẹ̀ lé e. Wọ́n jókòó sórí àga onírin nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ń rùn bí ọṣẹ, ọmọbìnrin náà sì di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú. Nígbà tí wọ́n wọlé, dókítà wo àwòrán náà títí, bó ṣe máa ń ṣe, ó ní àwọn ò rí nǹkan kan.

Lọ́tẹ̀ yìí, Fidíẹ̀sílẹ̀ ò dìde. "Ṣé mo ti sàn, Dókítà? Ẹ sọ ọ́ fún mi bó ṣe rí."

Dókítà yí àga rẹ̀ kọjú sí i. "Màmá, tí mo bá ní ẹ ti sàn, mo kọjá ohun tí mo mọ̀ nìyẹn. Àwòrán yìí mọ́. Bó bá tún mọ́ nígbà mìíràn, inú wa á tún dùn sí i. Mi ò ní ọ̀rọ̀ tó jù bẹ́ẹ̀ lọ fún yín, ó sì ń dùn mí pé mi ò ní in."

Ọmọbìnrin rẹ̀ fẹ́ bínú, ìyá rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Fidíẹ̀sílẹ̀ ò mọ ìdí tí ara fi tu òun díẹ̀. Bóyá nítorí pé ẹnìkan ti sọ òótọ́ fún un láìfi ẹ̀rín bò ó. Dókítà dìde láti ṣí ilẹ̀kùn fún wọn, Fidíẹ̀sílẹ̀ sì rí ẹ̀yìn kóòtù funfun rẹ̀: ìṣẹ́tí rẹ̀ ti tú, píìnì tí wọ́n fi ń há ìwé pọ̀ ló fi há a mọ́ra. Ojú rẹ̀ ò gbà á.

"Aṣọ yín ti tú lẹ́yìn," ó ní. "Tí mo bá padà wá, màá mú abẹ́rẹ́ dání, màá bá yín ṣẹ́ ẹ."

Dókítà bojú wẹ̀yìn, ojú tì í, ó rẹ́rìn-ín, ó bẹ màmá pé kó má ṣe gbàgbé o.

Àfi ìgbà tí wọ́n dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni Fidíẹ̀sílẹ̀ tó gbọ́ ohun tó ti ẹnu ara rẹ̀ jáde: pé òun máa padà wá. Ó dúró. Àwọn ènìyàn ń yà á kọjá. Ó ń retí kí ohun tó wà lábẹ́ apá òsì rẹ̀, bó bá wà, jí kó sì fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Ó mí sínú, èémí náà lọ dé ibi tó lè dé, ó sì padà jáde.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ó tẹ́ aṣọ tuntun sórí tábìlì, ó sì ní kí Arúgbó wá dúró dáadáa. Ó fa ìlà kìíní. Ó fa ìkejì nísàlẹ̀ rẹ̀. "Ẹ jẹ́ n fi díẹ̀ sílẹ̀," ó ní, kò sì dárúkọ ẹni tó ń tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó fi máa di pé ó ń ṣẹ́tí, oòrùn ti nà sílẹ̀, ìyá ọmọ sì rí i pé òwú pupa ló fi sábẹ́rẹ́, pé ó ń fi ọwọ́ rán an gbàgàgbàgà, bí ẹni tí ò kọ́ iṣẹ́.

Ọmọbìnrin rẹ̀ ní, "Màmá, òwú yìí ò bá aṣọ mu o."

"Inú ló wà. Mo fẹ́ kó tètè hàn sí ẹni tó máa tú u ni."

"Ta ló máa tú u?"

"Tí mo bá wà, èmi ni. Tí mi ò bá sí, wá ibi tí mo ti ta kókó, gé e, kó o fa òwú pupa yìí. Gbogbo ẹ̀ á tú fúnra ẹ̀. Kò dìgbà tó o bá mọ aṣọ rán."

Ọmọbìnrin rẹ̀, tí abẹ́rẹ́ àti òun kì í ṣọ̀rẹ́ láti kékeré, gba etí aṣọ náà, ó fi ìka wá kókó náà títí ó fi rí i. Kò gé e. Ó dá a padà fún ìyá rẹ̀ kó lè rán an parí.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí ilé ìwé wọlé, Fidíẹ̀sílẹ̀ wà lójú fèrèsé. Arúgbó ń bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, ó káwọ́ sẹ́yìn, aṣọ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ọrùn ẹsẹ̀. Bàbá àgbà ní òun rí aṣọ kan tó ń mú ọmọ lọ sílé ìwé. Fidíẹ̀sílẹ̀ rẹ́rìn-ín títí èémí rẹ̀ fi kúrú, ó ní láti jókòó, ó sì tún na ọrùn láti ibi tó jókòó sí kí ojú rẹ̀ lè bá etí aṣọ náà dé ẹnu ọ̀nà. Kò tíì sí ìlà kankan lára rẹ̀.