Omi Tí Onílé Tọ́ Wò

Bọ́dà tí wọ́n tì nígbà náà bí mi nínú. Gbogbo Ìláròó ń ráhùn nítorí ìrẹsì, èmi ń ráhùn nítorí omi tí bàbá mi ń mu. Rọpárọsẹ̀ ti ba ọ̀fun rẹ̀ jẹ́, omi lásán máa ń pá a lórí. Ìyẹ̀fun kan tó ń mú omi ki ni wọ́n ń bá wa kó wá láti Kútọnu. Ó tán, kò sí òmíràn.

Òǹgbẹ nìkan kọ́ ló ń dùn ún. Nílé wa, onílé gbọ́dọ̀ tọ́ omi wò kó tó gbé e fún àlejò. Ìtìjú wá mú bàbá mi. Bí ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá ti Ìmẹ̀kọ dé, á ní ká sọ pé òun ń sùn.

Mo ń ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò ilé ẹ̀kọ́ kan. Mo rẹ ilá, mo fún omi rẹ̀ jáde, àmọ́ kò ki tó. Mo gbé e kaná, iná pa yíyọ̀ rẹ̀. Ọ̀gá mi wá fún mi ní asẹ́ tuntun kan, tó fẹ́lẹ́ bí ọ̀rá, tí ojú ò lè rí ihò ara rẹ̀. Omi á kọjá, ọ̀yọ̀ ilá á dúró. Mo fi ẹ̀rọ tì í tagbáratagbára, ọ̀yọ̀ dí asẹ́ pa, ẹ̀kán kan ò kọjá. Mo pòṣé títí.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí àpò ògì Màmá mi. Ní kékeré, èmi ni mo máa ń fọwọ́ ha inú rẹ̀, kí ògì má baà lẹ̀ mọ́ aṣọ, kí omi lè máa ro. Ó wù mí kí n tún padà síbi àpò yẹn! Mo dín agbára ẹ̀rọ kù, mo jẹ́ kí omi ilá máa ṣàn lórí asẹ́, kó máa gbá ọ̀yọ̀ kúrò lójú rẹ̀ bí ọwọ́ mi ti ń ṣe sí àpò, kó máa yí po. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, ó ti ki dáadáa, mo sì gbé e lọ sílé fún Bàbá.

Láìpẹ́, ọ̀rẹ́ Bàbá gun ọ̀kadà ti Ìmẹ̀kọ dé. Bàbá jáde sí pálọ̀, ó ní kí n bu omi wá. Ó tọ́ tirẹ̀ wò, omi náà fà bí okùn láti ètè rẹ̀. Kò wúkọ́. Mo ń gbé omi lásán lọ fún àlejò, ó mi orí, ó nawọ́ sí ife Bàbá.

“Ọmọ mi, èyí tí onílé tọ́ wò ni kí o fún mi.”

Ó mu ún tán, ó fẹ̀yìn ọwọ́ nu irùngbọ̀n rẹ̀, ó ní omi ilé yìí ò yí padà. Bàbá rẹ́rìn-ín. Mo sá wọ kíṣìnnì, mo sunkún.