Ìwé Ló Sọ Ọ́ Ni, Àbí Ìwọ?

Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún ni olùkọ́ àgbà jáde láti yàrá rẹ̀ pẹ̀lú ìwé pélébé kan lọ́wọ́. Àwa mẹ́rìndínlógún tí a ṣe ìdánwò ìwé mẹ́fà la tò síwájú ilé-ìwé. Tíṣà tó kọ́ wa ní Gẹ̀ẹ́sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, bàbá mi sì dúró sábẹ́ igi máńgòrò pẹ̀lú àdá lọ́wọ́. Òun nìkan ni òbí tó wá, kò sì sí ẹni tó ní kó wá. Olùkọ́ àgbà pe orúkọ mọ́kànlá, ó ká ìwé náà, ó wọlé padà. Kò pe orúkọ mi. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ bàbá mi, ó gbé àdá lé èjìká, ó ní, "Pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò á pe baba. Jẹ́ ká máa lọ sóko."

Ọmọ ọdún méjìlélógún ni mí nígbà náà, ní Ìkẹ́rẹ́, ọdún díẹ̀ kí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó dé. Nígbà tí wọ́n ń mú àwọn ẹgbẹ́ mi lọ sílé-ìwé, oko kòkó ní ọ̀nà Ẹmùré ni bàbá mi ń mú mi lọ, nítorí èmi nìkan ni ọmọkùnrin tó ní. Mo ti di ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kó tó yọ̀ǹda mi. Lọ́jọ́ tí mo wọlé, wọ́n ní kí ọmọ tuntun kọ̀ọ̀kan gba orí na ọwọ́ kó fi kan etí kejì, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó ti dàgbà tó láti kàwé. Nígbà tó kàn mí, tíṣà ní, "Ìwọ, fi ọwọ́ rẹ sílẹ̀." Mo ga ju òun alára lọ.

Ìṣirò kò dà mí láàmú. Ohun tó dà mí láàmú ni èyí tí wọ́n ń pè ní àkàyé lónìí. Wọn yóò fún ọ ní ìtàn kan tí o kò rí rí, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, wọn yóò sì to ìbéèrè sábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá féèlì Gẹ̀ẹ́sì, ó ti féèlì gbogbo rẹ̀ nìyẹn.

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, mo lọ bá tíṣà nílé láti bi í pé kí ni mo ṣe tí mo fi féèlì. Ó ní kí n sọ ohun tí mo rántí nínú ìdánwò náà. Mo sọ fún un pé ìtàn àgbẹ̀ kan ni, tó ká kòkó rẹ̀, tó sá a fún ọjọ́ mẹ́ta, tó sì rù ú lọ sọ́jà.

"Kí ni ìbéèrè kìíní?"

"Wọ́n ní ọjọ́ mélòó ni ó fi sá a, sà."

"O wá kọ mélòó?"

"Méje, sà."

"Ọjọ́ mélòó ni ìwé wí?"

"Ìwé ní mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́ta kò lè mú kòkó gbẹ, sà. Tó bá gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń yẹ kòkó wò, wọn yóò dá a padà."

"O kọ ìyẹn náà?"

"Mo kọ ọ́, sà."

Ó ní, "Kòkó bàbá rẹ kọ́ nìyẹn. Kòkó ìwé ni." Mo rò pé ó ń bú mi ni. Ohun tí mo ṣáà mọ̀ ni pé òótọ́ ni mo kọ, n kò sì rí bí òótọ́ ṣe lè sọ ènìyàn di aláìmọ̀wé.

Ó yẹ kí n sọ bí wọ́n ṣe tọ́ mi. Èmi ni bàbá mi máa ń rán níṣẹ́ sí gbogbo ìdílé wa, nítorí ẹnu mi kò yá. Wọ́n sì kọ́ mi láti kékeré pé bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a ó fi tọmọ jẹ́ ẹ. Bí ọ̀rọ̀ bá le, èmi ni n ó rọ̀ ọ́ kí n tó dé ibi tí mo ń lọ. Bí ó bá kù síbì kan, èmi ni n ó dí i. Gbogbo ènìyàn ló ń yìn mí fún un. Bí mo ṣe ń ka Gẹ̀ẹ́sì náà nìyẹn.

Lọ́dún yẹn ni ọ̀rọ̀ ìyàwó tún wọ̀ ọ́. Wọ́n ti bá mi tọrọ ọmọbìnrin kan ládùúgbò wa, bàbá rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn bàbá ìjọ. Nígbà tó gbọ́ pé mo féèlì, ó ránṣẹ́ sílé wa pé òun kò ní fi ọmọ òun fún ẹni tó ń bá ọmọdé jókòó ní kíláàsì. Ó ní kí n jẹ́ àgbẹ̀ tàbí kí n jẹ́ akọ̀wé, èyíkéyìí tí mo bá fẹ́, ṣùgbọ́n kí n jẹ́ ẹ tán. Télọ̀ kan láti Ìsẹ̀, tó ti ní ìwé mẹ́fà tirẹ̀, ti ń béèrè ọmọ náà. Inú bí bàbá mi. Ó rán mi sí i pé tó bá fẹ́ fi ọmọ rẹ̀ fún abẹ́rẹ́ àti òwú, kó tètè ṣe é, pé obìnrin kò tán ní Ẹmùré.

Mo rin ọ̀nà náà jẹ́jẹ́. Nígbà tí mo débẹ̀, mo ní bàbá mi kí i, pé ó ní kó ṣe sùúrù fún wa di ọdún tó ń bọ̀. Bàbá ìjọ náà gbé ojú sókè.

"Bàbá rẹ kò sọ bẹ́ẹ̀," ló wí. "Láti kékeré la ti jọ ń jà. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń ní kí ènìyàn ṣe sùúrù." Ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun gbà. Bí orúkọ mi bá jáde lọ́dún tó ń bọ̀, kò sí ọ̀rọ̀ mọ́. Bí kò bá jáde, òun yóò gbọ́ ti ará Ìsẹ̀. Olùkọ́ àgbà náà ní ẹ̀ẹ̀kan péré ni òun lè gbà mí padà, nítorí àwọn ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn ń wá àga.

Mo fi oṣù mẹ́fà ṣe òmùgọ̀. Mo rò pé ohun tí mo nílò ni kí n mọ ìwé kíkà wa sórí, mo sì mọ̀ ọ́n sórí, láti ojú-ewé kìíní dé èyí tó kẹ́yìn. Àwọn ọmọ kíláàsì á máa pe ojú-ewé fún mi, èmi á máa kà á láìwo ìwé, wọn á sì máa pàtẹ́wọ́. Orí mi wú. Lọ́jọ́ kan tíṣà bi mí ní ìbéèrè kan lórí ojú-ewé kan, mo sì ka gbogbo ojú-ewé náà fún un látòkè délẹ̀. Ó ní òun kò ní kí n kọrin.

Ìgbà tí kòkó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, ní oṣù kẹsàn-án, ni ìyá ọmọbìnrin náà pè mí. Òun àti ọmọ rẹ̀ ló ń sá kòkó níwájú ilé wọn ní ọ̀sán, lórí ẹní. Ó ní kí n máa gbé ìwé mi wá síbẹ̀ tí ilé-ìwé bá ti parí.

"Kí ẹni tó ń kàwé máa lé ewúrẹ́ fún wa," ló wí. "Tó bá tún féèlì, a ó ti jèrè ìyẹn lára rẹ̀."

Báyìí ni mo ṣe di alé-ewúrẹ́. Tíṣà ń yá mi ní àwọn ìtàn kéékèèké tí ó gé láti inú ìwé ìròyìn àti ìwé àtijọ́, kí n má baà rí ohun tí mo lè mọ̀ sórí. Èmi á kà á ní Gẹ̀ẹ́sì, àwọn á rẹ́rìn-ín sí ahọ́n mi, èmi á sì sọ ọ́ fún wọn ní èdè wa. Ọmọbìnrin náà kò mọ A yàtọ̀ sí B. "Ọmọ sùkúù" ló ń pè mí. Ní ìlú wa nígbà náà, a kì í fi "ẹ̀yin" pe ẹnìkan ṣoṣo, ì báà dàgbà tó bí ó ti wù.

Ní ọ̀sán kan, mo ka ìtàn obìnrin kan tó gbé ọmọ rẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi. Ọkọ̀ náà dojú dé. Apẹja kan gbọ́ igbe wọn, ó sì bẹ́ sómi. Ibẹ̀ ni ìtàn náà parí sí. Ọmọbìnrin náà dá ọwọ́ dúró lórí kòkó.

"Ó rí ọmọ náà gbé jáde?"

"Ó gbé e jáde."

"Ìwé ló sọ ọ́ ni, àbí ìwọ?"

Mo ní ìwé ni. Ó ní kí n fi hàn án. Mo wo ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo tún un wò. Kò sí níbẹ̀.

"O fẹ́ mú mi yọ̀ lórí ohun tí o kò rí," ló wí.

Ìyá rẹ̀ ní, "Fi í sílẹ̀, ó ń tù ọ́ nínú ni."

"Èmi kò ní kó tù mí nínú. Mo ní kó kàwé."

Mo jókòó síbẹ̀, ewúrẹ́ ń jẹ ohun tó wù ú. Ìgbà yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ ọjọ́ mẹ́ta àti ọjọ́ méje yé mi. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.

Láti ọjọ́ yẹn, kò gba ìdáhùn kankan lọ́wọ́ mi àfi tí mo bá fi ìka lé ìlà tí mo ti rí i. Kò lè ka ìlà náà, ṣùgbọ́n ó ń wo ojú mi bí mo ti ń túmọ̀ rẹ̀. Tí mo bá fi kún un, ó mọ̀. Bí ó bá bi mí ní ìdí tí nǹkan fi ṣẹlẹ̀ tí n kò rí i, á ní kí n padà sí ohun tó ṣáájú, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ìdí náà sì wà ní ìlà kejì tàbí ìkẹta lókè. Bí ìyá rẹ̀ bá lọ gbé omi kaná, tí kò gbọ́ ìtàn náà, á ní, "Sọ ọ́ fún ìyá mi kí omi tó hó." Bí mo ṣe kọ́ bí a ti ń sọ ọ̀rọ̀ gígùn ní kúkúrú nìyẹn. Ohun tó le jù fún mi ni láti sọ pé ìwé kò sọ. Ó ń dà bíi pé mo já ẹni tó rán mi kulẹ̀.

Ní oṣù kọkànlá, tíṣà wo iṣẹ́ mi, ó bi mí pé ta ló ń kọ́ mi nílé. Ojú tì mí láti sọ pé ọmọbìnrin tí kò mọ̀wé ni. Mo ní mo kàn tẹra mọ́ ọn ni. Mo ti ń rántí ìdáhùn yẹn láti ọjọ́ náà.

Nígbà tí ìdánwò dé, ìtàn ọkùnrin kan tó ń ṣọ́ ọkọ̀ ojú òkun ni wọ́n fún wa. N kò tíì rí òkun rí, ìyẹn sì ràn mí lọ́wọ́, torí n kò ní ohun tí n ó fi tún un ṣe. Wọ́n béèrè ìdí tí ọkùnrin náà kò fi tan àtùpà. Mo lè ro ìdí mẹ́wàá. Ọ̀kan ni ìwé sọ: epo tán. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, mo sì gbé kálámù kúrò lórí ìwé. Mo parí ṣáájú àwọn yòókù, ẹ̀rù sì bà mí, torí ìdáhùn mi kúrú púpọ̀. Mo fi ọwọ́ mi méjèèjì sábẹ́ ìdí kí n má baà fi nǹkan kún un.

Ní oṣù kìíní ọdún, olùkọ́ àgbà tún jáde pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Bàbá mi tún wá. Orúkọ mi ni ó pe ṣìkẹjọ. Bàbá mi mi orí lẹ́ẹ̀kan, ó ní òun ń lọ sóko, kí n dúró bá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi yọ̀.

Mo di tíṣà lẹ́yìn náà, mo sì fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ ní àkàyé. "Ìwé ló sọ ọ́ ni, àbí ìwọ?" Ìbéèrè yẹn ni mo fi ń kọ́ wọn, bí ẹni pé èmi ni mo ni ín. Lọ́jọ́ kan ìyàwó mi ń kọjá lẹ́bàá fèrèsé, ó gbọ́ ọ lẹ́nu mi, ó rẹ́rìn-ín, ó bá tirẹ̀ lọ. Mo bi í lẹ́ẹ̀kan bóyá ó fẹ́ kọ́ ìwé kíkà. Ó ní ó ti pẹ́ jù. Èmi tí mo wọlé ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, mo gbà fún un, n kò sì tún bi í mọ́. Ó ti di ọdún mẹ́ta tó kú. Àwọn ọmọ wa ní ó mọ̀ pé mo moore. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. N kò sọ ọ́ fún un rí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí wọ́n pe orúkọ mi, èmi àti ọ̀rẹ́ mi mẹ́ta gbé ọkọ́, a lọ sí oko bàbá ọmọbìnrin náà lẹ́yìn òkè Olósùnta. Ní ìlú wa, ẹni tí wọ́n bá ti gbà láti fún lọ́mọ ni í lọ kọ ebè fún àna rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì tíì sọ fún mi pé wọ́n gbà. A bá a níbẹ̀. Ó wò wá, ó wo ọkọ́ ọwọ́ wa. Kò béèrè ìwé. Ó na ọwọ́ sí ìdí ọ̀pẹ kan ní ìpẹ̀kun ilẹ̀ náà, ó ní ibẹ̀ ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Mo bọ́ ẹ̀wù mi, mo fi kọ́ ẹ̀ka igi, mo sì lọ síbẹ̀.